Bẹ́ẹ̀ Ni Lẹ́nu Apẹja Mẹ́jọ

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí n ti pa bàbá mi.

Iwájú kíláàsì ni mo dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri funfun tí ẹ̀rọ ń tan àwòrán kọ̀ǹpútà mi sí. Àwọn olùdánniwò mẹ́ta tó wá fún ìdánwò àṣejáde wa jókòó ní ìlà iwájú. Ọ̀gá wọn, Ọ̀gbẹ́ni Hadinoto, wá láti iléeṣẹ́ kan ní ìlú ńlá Semarang tí wọ́n ti ń ṣe áàpù, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tó bá gba ipò kìíní ló máa mú lọ síbẹ̀.

"Jatmiko," ó ní, "fi ojú ìṣètò yẹn hàn wá lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun mélòó ni èèyàn lè yí padà níbẹ̀?"

"Mẹ́tàlélógún, sà."

"Mẹ́tàlélógún!" Ó yíjú sí àwọn méjì yòókù. "Ẹ ò rí ọmọ yìí?"

Ombak ni orúkọ áàpù mi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, yóò gba ìròyìn ìgbì òkun lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ojú ọjọ́, bí ìgbì tó ń bọ̀ bá ju agbára ọkọ̀ lọ, yóò lu agogo ìkìlọ̀ lórí fóònù apẹja, kódà níbi tí ìpè kò ti lè wọlé, kí ó lè tètè sá wálé. Ó ti lé ní oṣù kan tí ọkọ̀ mẹ́jọ ní abúlé wa, Karangwatu, ti ń gbé e lọ sókun. Ọkọ̀ bàbá mi wà lára wọn.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé lọ́wọ́ ni ìròyìn tuntun wọlé, tí ó hàn gàdàgbà lára ògiri: ìgbì mítà mẹ́rin, yóò dé etíkun wa ní aago kan ọ̀sán. Kíláàsì hó yèè. Àfi bí ẹni pé òkun fúnra rẹ̀ wá jẹ́rìí fún mi níbi ìdánwò.

Mo ṣí ojú ìwé kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe lánàá láti fi ṣe fáàrí, èyí tó ń fi fóònù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ hàn, bóyá agogo wọn wà ní títàn tàbí ní pípa. Àwọ̀ ewé ni mo ń retí. Pupa ni mo rí. Mẹ́jọ, láti òkè délẹ̀. Orúkọ bàbá mi, Sarwan, ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: agogo wà ní pípa.

Mo kọ́kọ́ rò pé ojú ìwé náà ló ní àṣìṣe. Mo fẹ́ràn àlọ́ àpamọ̀ láti kékeré, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí lára nígbà tí ìtumọ̀ àlọ́ bá já síni lọ́kàn. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí lára mi, àfi pé kò sí adùn kankan nínú èyí. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú àwọn bàbá wọ̀nyẹn tó tíì rí agogo náà tàn. Láti oṣù kan.

Pras, ọ̀rẹ́ mi tó ń bá mi tẹ kọ̀ǹpútà, rí i pẹ̀lú. Ó tẹ orí sí mi létí.

"Pa ojú ìwé yẹn dé. Kíá!"

"Pras, agogo wọn ò ní dún o."

"Mo rí i, mi ò fọ́jú. Ìṣẹ́jú ogún péré ló kù ká parí. Tó o bá lanu báyìí, ó ti tán fún ẹ nìyẹn. Aago kan ṣì jìnnà, ọ̀rẹ́."

Mo wo Tíṣà Winarni, olùkọ́ wa, tó dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo wo bíírò tó wà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Hadinoto.

Mo pa ojú ìwé náà dé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe dé ibẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣe Ombak, ohun kan ṣoṣo ló wà lójú ìṣètò rẹ̀: ibi tí èèyàn yóò tẹ̀ kí agogo tàn. Pras wò ó, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí? Ó dà bí ilé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́rù kúrò nínú ẹ̀! Àwọn olùdánniwò á ní ṣe lò ń sùn látọdún yìí."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi nǹkan kún un: gígùn ọkọ̀, iye èèyàn inú rẹ̀, irú ohùn agogo méje, àwọ̀ ojú fóònù, bí lẹ́tà ṣe máa tóbi tó. Nígbà tí Tíṣà Winarni rí i, ó mirí.

"Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n, Jatmiko. Gbogbo ohun tí ò ń kó sójú fóònù yìí, òkúta lò ń kó sínú ọkọ̀ apẹja."

Ó fa dúrọ́ọ̀ tábìlì rẹ̀ yọ, ó mú fóònù kékeré kan tí ojú rẹ̀ ti sán jáde. "Irú èyí ni bàbá ẹ ń lò, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Òun gan-an ni olùdánniwò ẹ. Orí ẹ̀ ni kó o ti dán an wò."

Mo ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo jù ú sínú báàgì mi, n kò sì yọ ọ́ mọ́. Fóònù tèmi fẹ̀ bí àwo ìjẹun. Gbogbo ohun mẹ́tàlélógún náà gbà sójú rẹ̀ dáadáa, bọ́tìnnì "Fi pamọ́" sì wà nísàlẹ̀ pátápátá níbi tí mo fi í sí. Ká ní mo yọ fóònù kékeré yẹn jáde ni, ìṣẹ́jú kan ni ǹ bá fi rí i: bí èèyàn bá fẹ́ kọ gígùn ọkọ̀ rẹ̀, pátákó ìtẹ̀wé á yọ, á bo ìdajì ojú fóònù, bí ó bá sì lọ tán, ìlà tó kẹ́yìn á ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Ohun tó kù kò ju kí èèyàn padà sẹ́yìn. Bí ó bá sì ti padà sẹ́yìn, gbogbo ohun tó yàn ti ṣòfò. Áàpù mi kò ní sọ nǹkan kan fún un.

Mo sì bi àwọn apẹja léèrè o. Ọjọ́ Jímọ̀ Kliwon ni, ọjọ́ ọ̀wọ̀ tó ń yí po ní ọjọ́ márùndínlógójì, tí ẹnì kankan kì í lọ sókun. Wọ́n jókòó sábẹ́ igi ketapang, wọ́n ń tún àwọ̀n ṣe, ìyá mi sì gbé mendoan gbígbóná, ẹ̀wà sóyà tí wọ́n dín, sáàárín wọn. Mo ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ èkejì. Bàbá àgbà Karso, tó dàgbà jù, di fóònù rẹ̀ mú lókèèrè bí ẹni di adìyẹ tó lè sọ ọ́ lójú.

"Bàbá àgbà, ṣé ẹ ti rí i? Ṣé ó rọrùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Ó dáa gan-an ni."

Ẹnì kejì, bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kẹta, bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá mi ló kẹ́yìn. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, tí iyọ̀ òkun ti là yánna-yànna, tẹ ìsàlẹ̀ ojú fóònù lẹ́ẹ̀mẹta níbi tí kò sí nǹkan kan. Mo rí i. Mo fi ojú ara mi rí i.

"Bàbá, ṣé ó rọrùn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Bẹ́ẹ̀ ni! Ọmọ mi ló ṣe é, báwo ni ò ṣe ní rọrùn?"

Nígbà tí wọ́n túká, ìyá mi ń kó àwo, ó ní, "Miko, ìbéèrè tó o bi wọ́n yẹn ò ní rárá nínú. Níbí, ta ló máa wo ojú ọmọlọ́mọ kó ní iṣẹ́ ẹ̀ ò dáa? Bẹ́ẹ̀ ni tí wọ́n ń sọ yẹn, wọ́n fi kí ẹ ni."

"Ìyá, ẹ jẹ́ kí n jẹun jàre."

Ohun tó burú jù ni pé lọ́jọ́ yẹn náà ni wọ́n ní kí Ìyá àgbà Rumi lọ sinmi. Láyé àtijọ́, òun ló máa ń to èèpo àgbọn jọ sórí àpáta ẹnu odò. Bí òkun bá ń gbèrò ibi, á dáná sí òkìtì mẹ́ta, èéfín mẹ́ta á lọ sókè, àwọn ọkọ̀ á sì yíjú sílé. Wọ́n ní Ombak ti dé, èéfín ti parí iṣẹ́. Wọ́n pín èèpo àgbọn náà sí ilé ìdáná gbogbo abúlé, wọ́n ti fi dín ẹja tán.

Nítorí náà, nígbà tí mo pa ojú ìwé yẹn dé, kò sí agogo, kò sí èéfín, ọkọ̀ mẹ́jọ sì wà lójú òkun.

Mo ń sọ̀rọ̀ lọ. N kò mọ ohun tí mo sọ. Mo kàn ń gbọ́ ohùn mi bí ohùn rédíò ilé kejì. Nígbà tí mo parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Hadinoto kọ máàkì síwájú orúkọ mi, ó sì yí ìwé náà kí n lè rí i: mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún.

Mo sáré jáde. Mo pe fóònù bàbá mi, mo pe ti àwọn yòókù, kò wọlé: ìpè kì í dé ojú òkun. Mo pe ìyá mi. Ó ń dún, ó ń dún, kò gbé e. Ibi tí wọ́n ti ń sá ẹja ló wà, kì í gbé fóònù lọ síbẹ̀. Tíṣà Winarni bá mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Jatmiko, kí ló dé tí ò ń sáré báyìí?"

"Mà, agogo wọn wà ní pípa. Gbogbo wọn. Wọn ò mọ̀ pé ìgbì ń bọ̀."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo lè purọ́. Ẹnu mi ti là láti purọ́. "Láti aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mà."

Ó wo aago ara ògiri. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ti kọjá lórí aago mẹ́wàá. Kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn ló sì dùn mí jù. "Máa lọ," ó ní. "Èmi á pe àwọn agbanilà." Ọkọ̀ agbanilà kan ṣoṣo ló wà lágbègbè wa, ó sì máa ń gbà á tó wákàtí méjì kí ó tó yí etíkun ká dé ọ̀dọ̀ wa.

Pras gbé mi sórí alùpùpù rẹ̀. Ó sáré títí a fi dé etíkun.

Òkun tẹ́jú, ó ń dán bí ìkòkò tí wọ́n fi òróró pa. Ẹni tí wọ́n bí sí Karangwatu mọ̀ pé irú ìdákẹ́jẹ́ yẹn kò dáa. Àwọn obìnrin ń yí ẹja lórí àtẹ ọparun.

"Agogo ò ní dún o!" mo kígbe. "Ìgbì mítà mẹ́rin ń bọ̀ ní aago kan! Kò sí agogo lórí fóònù ẹnì kankan!"

Ìyá mi dìde. "Miko? Ìdánwò ẹ ńkọ́?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀, àti ojú ìwé tí mo pa dé. Suminah, ọmọ Bàbá àgbà Karso, fi ẹja ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Dúró ná. O ní o ti mọ̀, o sì dúró kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ tán?"

Mo tẹjú mọ́ ẹja tó fi sílẹ̀ yẹn.

"Mò ń bi ẹ́ léèrè! Bàbá mi ń bẹ níbẹ̀ yẹn, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin!"

"Suminah, fi í sílẹ̀," Ìyá àgbà Rumi ké mọ́ ọn. Ó ti ń ká ìró rẹ̀ sókè, ó fi di ìdí. "Ẹjọ́ wà, a óò rò ó. Èéfín la fẹ́ báyìí. Níbo ni èèpo àgbọn wà?"

"Ìyá àgbà, kò sí. A ti fi dáná tán."

"Ó dáa. Ẹ tú òrùlé ilé ẹja mi."

Ilé tó ti ń yan ẹja tà ni, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bò ó. Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin Ìyá, ibi tẹ́ ẹ ti ń jẹ nìyẹn!"

"Ṣé òrùlé ló wà lójú òkun ni?"

A gun ilé náà. Èmi àti Pras ń fi ọwọ́ já imọ̀, ẹ̀gún ń ya wá lọ́wọ́, àwọn obìnrin ń rù ú lọ sórí àpáta. Nígbà tí èéfín kẹta yóò fi lọ sókè, aago mọ́kànlá ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó lọ sókè tààrà, ó dúdú, ó ga. Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́ dé, ó tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bí ẹni tẹ orí ọmọ mọ́lẹ̀. Láti ìgbà yẹn lọ, ó di ẹni tó ti rí i ṣáájú ló rí i.

Ọkọ̀ kìíní yọ. Èkejì. Ẹ̀kẹta. Suminah bẹ̀rẹ̀ sí í ké nígbà tó rí ọkọ̀ bàbá rẹ̀, Bàbá àgbà Karso sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìbínú: "Ta ló ń jó abúlé? Èéfín yín ni mo rí, mo ní ilé mi ti jóná!" Nígbà tí yóò fi di aago méjìlá ààbọ̀, ọkọ̀ méje ti wà lórí yanrìn.

Ọkọ̀ bàbá mi ló kù, ọkọ̀ agbanilà kò sì tíì yọ. Ẹja layur ló lọ pa, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n sì ti ń pa á.

Ìyá mi kò sunkún. Ó dúró sínú omi tó mu ún dé orúnkún, ó na ọwọ́ mú apá aṣọ mi, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀. Mo ń ṣírò. Bí mo bá ti sọ̀rọ̀ nígbà tí mo rí i, èéfín ì bá ti lọ sókè ṣáájú kí afẹ́fẹ́ tó dé. Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Mo ń pààrọ̀ wọn lọ́kàn mi, mo ń tún wọn tò bí ẹni ń tún ọ̀rọ̀ àlọ́ tò, bóyá ìdáhùn mìíràn á jáde. Ìdáhùn kan náà ló ń jáde.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago kan lù nígbà tí a rí wọn. Ìgbì ti wà lẹ́yìn wọn. Àbúrò bàbá mi, Tarjo, ló wà níwájú ọkọ̀, bàbá mi wà nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n dé ẹnu odò gan-an. Ìṣẹ́jú márùn-ún sí i ni wọ́n nílò. Omi gbé wọn sókè, ọkọ̀ yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì rí abẹ́ rẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ búlúù tí èmi àti bàbá mi jọ kùn nígbà ààwẹ̀ tó kọjá.

Àwọn ọkùnrin wọnú omi pẹ̀lú okùn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ òkun ló tún padà sínú rẹ̀. Mo fẹ́ bá wọn lọ, Pras dì mí mú láti ẹ̀yìn. Mo gé e lọ́wọ́ jẹ, kò fi mí sílẹ̀.

Tarjo ló kọ́kọ́ yọ. Ó di bàbá mi mú ní ọrùn aṣọ.

Bàbá mi kò kú. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lọ̀ mọ́ àpáta, ní ilé ìwòsàn wọ́n sì gé àtàǹpàkò rẹ̀ àti ìka tó tẹ̀ lé e.

Ọjọ́ mẹ́ta ni n kò lè wọ yàrá tó wà. Ní ọjọ́ kẹrin mo wọlé. Ó ń wo àjà.

"Bàbá, mo ní ọ̀rọ̀."

"Sọ ọ́."

Mo sọ ọ́, láti orí fóònù kékeré inú báàgì títí dé orí ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Nígbà tí mo parí, ó yíjú kúrò lára àjà, ó wò mí.

"Ìyá ẹ ti sọ fún mi," ó ní. "Mò ń dúró kó o fi ẹnu ara ẹ sọ ọ́ ni." Ó gbé ọwọ́ tí wọ́n fi aṣọ dì sókè, ó wò ó. "Èmi náà jẹ̀bi. Mi ò rí bọ́tìnnì yẹn lọ́jọ́ náà. Ojú ń tì mí láti sọ, ojú ẹ ń dán jù."

Mo mú máàkì mi padà fún Tíṣà Winarni. Mo ní kí wọ́n fagi lé e. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ń bèèrè; mo ní mo mọ̀ ọ́n. Àwọn ẹgbẹ́ mi jáde ilé ìwé, èmi sì jókòó ọdún kan sí i láàárín àwọn tí mo ti ń pè ní ọmọdé. Ọ̀gbẹ́ni Hadinoto mú ẹlòmíràn lọ sí Semarang. Èmi àti Pras hun òrùlé tuntun fún Ìyá àgbà Rumi. Ó ń bú wa láti ìsàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a ń hun ún: "Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń so imọ̀ nílé ìwé yín?"

Mo tún Ombak ṣe lórí fóònù kékeré tí ojú rẹ̀ sán. Mo mú ohun mẹ́tàlélógún náà níkọ̀ọ̀kan, mo ń bi ara mi: bí èyí kò bá sí, ta ni òkun máa gbé lọ? Kò sí ẹnì kan. Mo yọ ọ́. Kò sí ẹnì kan. Mo yọ ọ́. Nígbà tí mo débi agogo, mo dúró. Mo jẹ́ kí ó wà ní títàn látìbẹ̀rẹ̀. Mo yọ bọ́tìnnì "Fi pamọ́" kúrò, kí ohun tí èèyàn bá tẹ̀ fi ara rẹ̀ pamọ́ lójú ẹsẹ̀. Mo sì mú kí ibi ìtẹ̀ náà tóbi tó fún ọwọ́ òsì ẹni tí kò mọ ọwọ́ òsì lò.

Ọjọ́ Jímọ̀ Kliwon mìíràn dé. Mo gbé fóònù náà fún bàbá mi lábẹ́ igi ketapang. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò bi í bóyá ó rọrùn. Mo ní, "Bàbá, ẹ pa agogo yẹn, kẹ́ ẹ sì tún tan án." Mo panu mọ́, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀.

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó gbé fóònù náà sókè, ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Gbogbo àwọn tó ń tún àwọ̀n ṣe dúró.

"Rárá," bàbá mi ní.

Ẹnì kan wúkọ́.

"Rárá, Miko. Mi ò mọ̀ bóyá ó tàn tàbí ó kú. Oòrùn ò jẹ́ kí n rí àwọ̀ tó o fi sí i."

"Tèmi náà, rárá!" Bàbá àgbà Karso fi ariwo bọ̀ ọ́, bí ẹni tí nǹkan ti há lọ́fun láti ọjọ́ pípẹ́. "Lẹ́tà ẹ rí bí ẹsẹ̀ èèrà! Ta lo kọ ọ́ fún?"

Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀. Rárá, rárá, láti ẹnì kan dé èkejì, ìyá mi sì ń rẹ́rìn-ín títí mendoan fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú mi, mo wá bíírò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ó lè jẹ́ aṣọ lẹ máa rán, ó lè jẹ́ afárá lẹ máa kọ́. Ẹ wo ọwọ́ ẹni tó máa lò ó kí ẹ tó wo ojú ẹni tó máa yìn yín. Bí àṣìṣe yín bá sì hàn sí yín, ẹ kígbe rẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà gan-an, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo ayé ń wò yín, torí pé ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi pa á mọ́, ara ẹlòmíràn ló máa gé kúrò.

Rárá mẹ́jọ ni mo gbà lọ́jọ́ yẹn. Mo kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo gbé agbọ̀n, mo lọ bá Ìyá àgbà Rumi to èèpo àgbọn sórí àpáta.